Bí owó oṣù ọmọ ogun ṣe sọ Berar di ìwọ̀fà

Bí a bá dárúkọ Íńdíà àti Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbọn àti àgbá. Òótọ́ ni pé ogun ni wọ́n fi gba Mysore, ogun náà ni wọ́n fi gba Punjab. Ṣùgbọ́n ìlú ọba tó lé ní 500 ló ṣì wà pẹ̀lú ọba wọn lórí ìtẹ́ nígbà tí òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ ní 1947. Hyderabad ló lérò jù, òun náà ló lówó jù nínú wọn. Láti ìgbà tó ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1798, kò bá Gẹ̀ẹ́sì jagun mọ́, síbẹ̀ ṣe ni ilẹ̀ rẹ̀ ń dín kù. Ìwé ìṣirò owó ló ń jẹ ẹ́, Berar, ẹkùn kan nínú ilẹ̀ náà, sì wà lára ohun tó jẹ.

Ká fo ìtàn bí Asaf Jah, ìdílé ọba Hyderabad, ṣe dé orí oyè. Nizam ni wọ́n ń pe ọba náà. Aṣojú àwọn ọba Mughal, tó ń jọba lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Íńdíà, ni Nizam jẹ́ ní gúúsù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí agbára Mughal rọ, ó di ọba ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Maratha ń halẹ̀ mọ́ ọn lápá kan, Tipu Sultan ti Mysore ń halẹ̀ mọ́ ọn lápá kejì. Nizam Ali Khan ní ọmọ ogun tirẹ̀, tí àwọn ará Faransé ń kọ́, àwọn yẹn gan-an ni Kọ́ńpìnnì East India, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba ilẹ̀ Íńdíà, kò fẹ́ rí.

Àdéhùn 1798 kò le láti lóye. Kọ́ńpìnnì yóò kó ọmọ ogun 6,000 wá láti máa ṣọ́ ọba. Ọba yóò máa san 2,417,100 rupee lọ́dún fún ìtọ́jú wọn, yóò sì tú ẹgbẹ́ ogun àwọn Faransé ká. Ibi tó yẹ kéèyàn ti dúró díẹ̀ nìyí: ọba ló ń bọ́ àwọn ọmọ ogun yìí, ṣùgbọ́n Kọ́ńpìnnì ló ń yan ọ̀gá fún wọn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọba fi ilẹ̀ dípò owó. Bellary, Cuddapah àti agbègbè wọn ló fi sílẹ̀, ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà ní 1792 àti 1799 nígbà tí òun àti Kọ́ńpìnnì jọ ṣẹ́gun Tipu. Ìpín tó gbà nínú ìkógun ló dá padà fún ẹni tó pín in fún un. Ó tún gbà pé òun kò ní bá ìjọba mìíràn dúnàádúrà láìjẹ́ pé Kọ́ńpìnnì mọ̀ sí i. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Resident wà nítòsí láti rí sí i. (Nígbà tí Captain Bower dé Ìbàdàn pẹ̀lú orúkọ oyè kan náà ní 1893, ó ti lé ní 100 ọdún tí wọ́n ti ń lò ó ní Hyderabad.)

Ó yẹ kí gbèsè tán síbẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti dípò owó oṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Henry Russell jẹ́ ajẹ́lẹ̀, láàárín 1811 sí 1820, ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn tún gbérí, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Hyderabad Contingent. Ohun tí àdéhùn sọ ni pé bí ogun bá dé, kí ọba pèsè ọmọ ogun. Kò sọ pé kí ó máa bọ́ wọn lábẹ́ ọ̀gá òyìnbó nígbà àlàáfíà. Chandu Lal tó wà nídìí ìṣúra kò jẹ́ kọ̀, nítorí ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ ló fi rọ̀ sí. Ó yá owó lọ́wọ́ William Palmer àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ayánilówó ní Hyderabad, pẹ̀lú èlé gọbọi. Nígbà tí Charles Metcalfe di ajẹ́lẹ̀ ní 1820, ó pariwo lórí rẹ̀, ọwọ́ Palmer sì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe san owó Palmer? Ìṣákọ́lẹ̀ wà tí Kọ́ńpìnnì ń san fún Nizam lọ́dọọdún lórí ilẹ̀ etí òkun tí wọ́n ń pè ní Northern Circars. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pọ̀, wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Palmer ló gba owó náà. Bí gbèsè kan ṣoṣo tí Kọ́ńpìnnì ń jẹ ọba ṣe parẹ́ nìyẹn.

Ọmọ ogun ṣì wà, owó oṣù ṣì ń wọlé dè wọ́n. Bí ọba kò bá rí i san, Kọ́ńpìnnì yóò san án, yóò sì kọ ọ́ sí i lọ́rùn pẹ̀lú èlé. Ní 1853 ó ti lé ní 4,000,000 rupee. Dalhousie, gómìnà àgbà Kọ́ńpìnnì ní Íńdíà, ní kí wọ́n gba ilẹ̀. Nizam Nasir-ud-Daulah sọ fún ajẹ́lẹ̀, John Low, pé ohun méjì ló ń kó ìtìjú bá ọba: kí ó fi ilẹ̀ baba rẹ̀ tọrẹ láìnídìí, àti kí ó lé ọmọ ogun tó ti sìn ín dáadáa. Wọ́n ní kí ó mú ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ sí ìwé, Berar, ilẹ̀ dúdú tí òwú ti ń ṣe dáadáa, bọ́ sọ́wọ́ Kọ́ńpìnnì pẹ̀lú Raichur àti agbègbè mìíràn.

Ìwọ̀fà gan-an ni Berar dà. Bí baba bá fi ọmọ yá owó, iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe lóko olówó kì í dín gbèsè kù, èlé ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ilẹ̀ Yorùbá sàn ju Berar lọ, nítorí ọjọ́ tí baba bá san owó ni ọmọ ń padà sílé. Ní 1860, nítorí pé Hyderabad kò bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó dìde sí Gẹ̀ẹ́sì lọ ní 1857, wọ́n fagi lé gbèsè náà, wọ́n dá Raichur padà, wọ́n sì fi Berar pamọ́, wọ́n ní òun ni yóò máa bọ́ ọmọ ogun. Wọ́n tún fi kún un pé ọba kò gbọdọ̀ béèrè ìṣirò owó tó ń wọlé níbẹ̀ mọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó ni wọn yóò fún un, àwọn ni yóò sì pinnu iye tí ìnáwó jẹ́. Olówó ń jẹ èrè oko, ó tún ń ṣírò oúnjẹ ìwọ̀fà mọ́ ọn. Salar Jung, olórí ìjọba Hyderabad, ní àwọn yóò kó owó ńlá sílẹ̀ tí èrè rẹ̀ yóò máa san owó ọmọ ogun, kí wọ́n ṣáà dá ilẹ̀ padà. Wọ́n kọ̀.

Ní tèmi, gbogbo ọgbọ́n ètò yìí wà nínú pé kò sí ẹni tó ní láti puró. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni Thomas Munro, òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì tó ṣe àkóso Bellary àti Cuddapah lẹ́yìn 1800, ti rí tipẹ́. Ó kọ̀wé ní 1817 pé tẹ́lẹ̀, bí ọba bá burú, ààfin tàbí ará ìlú yóò dìde sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ ogun òyìnbó bá ti ń ṣọ́ ọba, kò sí ẹni tó lè dìde, ọba náà kò sì rí ìdí tí yóò fi ṣe dáadáa mọ́.

Ní 1902, Curzon, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, mú kí Nizam Mahbub Ali Khan fi Berar lélẹ̀ títí láé, fún 2,500,000 rupee lọ́dún. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà wọ́n da Contingent pọ̀ mọ́ ọmọ ogun Íńdíà. Ọmọ ogun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba ilẹ̀ kò sí mọ́, ilẹ̀ kò padà. Nígbà tí Osman Ali Khan, Nizam tó jẹ tẹ̀ lé e, béèrè rẹ̀, tó sì sọ pé ọba bí ọba ni òun àti Gẹ̀ẹ́sì jọ jẹ́, Lord Reading, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fèsì ní 1926 pé àṣẹ Adé Gẹ̀ẹ́sì ló ga jù ní gbogbo Íńdíà, àdéhùn wà tàbí kò sí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n gbà kí ó máa jẹ́ Nizam Hyderabad àti Berar, wọ́n sì fi ọmọ rẹ̀ joyè Prince of Berar. Àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń gba owó orí níbẹ̀.