Kí ló ń yí àtùpà ẹlẹ́ṣin àwọn ará Ṣáínà?

Alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní nínú kàlẹ́ńdà ìbílẹ̀ Ṣáínà, tí òṣùpá bá yọ kún, ni ọdún àtùpà wọn. Wọ́n á jẹ tangyuan, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n ṣù róbótó tí wọ́n sì sè, wọ́n á pa àlọ́ tí wọ́n kọ sára àtùpà. Ìyẹn dùn, àmọ́ kò tó zoumadeng, ‘àtùpà ẹṣin tó ń sáré’, tí wọ́n ti mọ̀ láti ayé ìjọba Song, tó dópin ní 1279.

Àbẹ́là ń jó nínú bébà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ òjìji àwọn ẹlẹ́ṣin ń lé ara wọn yípo. Àwọn kan á ní èéfín ló ń tì í. Rárá o! Èrò ọkọ̀ lásán ni èéfín. Atẹ́gùn gbígbóná ni awakọ̀. Àbẹ́là tí kò rú èéfín á yí i.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dúró láàárín, ó gbé ara lé ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Abẹ̀bẹ̀ bébà wà lórí rẹ̀, gbogbo apá rẹ̀ ló dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, bí èyí táwọn ọmọdé ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe. Atẹ́gùn tí iná mú gbóná fúyẹ́ ju ti ìta lọ, ó ń gòkè, ó sì ń ti àwọn apá náà lọ. Ẹṣin tí wọ́n gé láti ara bébà, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, á bá a yí.

Bí ọjà oníbodè méjì ló rí: tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, gbígbóná ń gba òkè jáde. Ti bodè òkè pa, àwọn tó rajà tán á há sínú, àwọn tó fẹ́ wọlé á dúró síta, alábàárù ò ní lè kọjá, ìyálọ́jà á máa pariwo... Ká ṣáà sọ pé ẹṣin á dúró, iná náà lè kú.

Iná kan ṣoṣo ló ń tan ìmọ́lẹ̀, òun náà ló ń yí ọ̀pá, òun náà ló ń dá òjìji. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun ń lo gílóòbù LED, tí ooru rẹ̀ kò tó yí abẹ̀bẹ̀, ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ oníbátìrì sí i. Ẹṣin ń sáré lóòótọ́, àmọ́ abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ti di ẹ̀ṣọ́ lásán.