Sítátà Fólítì 6 Lábẹ́ Bátìrì Fólítì 12

“Bí wọ́n bá so bátìrì fólítì 12 mọ́ sítátà fólítì 6, yóò jóná.” Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ooru ló ń jó wáyà. Iye iná tó ń ṣàn nínú wáyà àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ló ń bí ooru yẹn, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bátìrì.

Nínú sítátà wọ̀nyí, iná kan náà ló ń gba inú àwọn kọ́ìlì ara ilé rẹ̀ kọjá bọ́ sínú armature, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n wé wáyà mọ́, tó ń yí láàárín rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹrù tó ń yí ló ń pinnu iye áńpíà, ìyẹn iye iná tó ń ṣàn, tí yóò gbà. Ẹni tó ń fa omi nínú kànga ni ká fi wé. Korobá ló ń pinnu bí okùn ṣe máa wúwo tó lọ́wọ́ rẹ̀. Apá líle kò lè fi kún ẹrù korobá, ó kàn lè mú un yára gòkè ni. Áńpíà ni ìwúwo okùn, fólítì ni apá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, eré ni fólítì 12 ń fi kún, kì í sọ áńpíà di ìlọ́po méjì. Armature tó ń sáré a máa pèsè iná tirẹ̀ tó ń ti ti bátìrì sẹ́yìn. Bí eré ṣe ń pọ̀ ni ìtìsẹ́yìn náà ń pọ̀, títí yóò fi gbé fólítì tó lé náà mì. Ẹ́ńjìnnì á tètè gbiná, ooru inú kọ́ìlì sì lè kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ bu ìwọ̀n tó tó o, ọgbọ́n ńlá ni.

Àmọ́ omi yẹn kò tíì dókè. Bí okùn bá dẹ̀, tí alágbára yẹn já a lójijì, okùn lè já, ọwọ́ korobá sì lè yọ. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Kí armature tó yí, ìtìsẹ́yìn kankan kò sí, ìdènà wáyà nìkan ló wà. Ká ní gbogbo ìdènà náà jẹ́ ohm 0.012: fólítì 6 á rán áńpíà 500, fólítì 12 á rán 1,000. Kọ́ìlì àti armature ló jọ gba ìlọ́po méjì, nítorí náà agbára ìyí lè súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin, àfi bí òòfà irin bá ti kún tẹ́lẹ̀. Bendix, ẹ̀yà tó ń ti jíà sítátà lọ kan ẹ́ńjìnnì, ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Jíà kékeré orí rẹ̀ á fò jáde, á kọ lu eyín flywheel, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin ńlá tí sítátà ń yí láti jí ẹ́ńjìnnì, eyín á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, sípíríǹgì á ṣẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá tún ń ta padà nítorí pé iná púlọ́ọ̀gì ń tètè wọlé jù, kò ní pẹ́ rárá.

Àwọn sítátà kan ní kọ́ìlì mẹ́rin tí wọ́n so ní méjì-méjì: iná pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gba kọ́ìlì méjì kọjá lọ sí kábọ̀n kan, èyí tó ń fara kan armature láti gbé iná fún un. Bí wọ́n bá tú u, tí wọ́n to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ léra, ìdènà wọn á di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, bí kọ́ìlì bá ni ìdajì ìdènà, áńpíà ìbẹ̀rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ sí 400, agbára ìyí á sì fi díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti fólítì 6 lọ, dípò ìlọ́po mẹ́rin. Ìpẹ̀kun kọ́ìlì tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ kan kábọ̀n méjèèjì tí kò kan ara irin. Bí wọ́n bá gbàgbé ọ̀kan, èkejì á máa tanná, á sì jẹ tán. Ojú òòfà gbọ́dọ̀ máa yí padà láti kọ́ìlì kan sí èkejì: fi iná díẹ̀ sí i, gbé kọ́ḿpáàsì kọjá níwájú wọn, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ yí nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fàdákà ni kí wọ́n fi jó oríkèé bàbà náà pọ̀, òjé lè yọ́ nínú ooru. Téèpù aṣọ àti fáníìṣì ni kí wọ́n fi bò ó, kì í ṣe téèpù ọ̀rá.

Fún ẹ́ńjìnnì kékeré, wàhálà yìí pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ríra sítátà fólítì 12 náà ní ìdẹkùn tirẹ̀: eyín flywheel Volkswagen Beetle fólítì 6 jẹ́ 109, ti fólítì 12 jẹ́ 130, wọn kò sì bára mu.

Solenoid, ìyẹn súwíìṣì olóòfà tó ń gbé iná bátìrì wọ sítátà, ni kò ṣeé fi sílẹ̀. Kọ́ìlì rẹ̀ kì í yí, kò sí ohun tó ń ti iná sẹ́yìn, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin gbáà. Ti fólítì 12 ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wáyà bátìrì nípọn tẹ́lẹ̀, kó dúró bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì yí pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù padà, sítátà kò ní yí sẹ́yìn, torí òòfà kọ́ìlì àti ti armature ló jọ yí padà.

Kí wọ́n má ṣe di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, kí wọ́n sì fún un ní ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kó tutù. Bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò lórí tábìlì kó tó wọlé, kí wọ́n fi fáìsì dì í mú dáadáa, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì péré: láìsí ẹrù, eré rẹ̀ kì í mọ̀wọ̀n, ó sì lè tu wáyà armature jáde.