Júpítà gbígbóná: ayé tí ọdún rẹ̀ kò ju bí ọrún ọjà kan lọ

Ẹni tó bá ń ná ọjà ọrọọrún lóko Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí ọrún ṣe ń yára pé. Ẹ ò tíì sinmi tán lẹ́yìn ọjà tàná, òmíràn ti dé. (Ọjọ́ mẹ́rin ni o, àwa la máa ń ka òní mọ́ ọn tó fi ń di márùn-ún.) Ayé kan wà lójú ọ̀run tó jẹ́ pé láti ọjà kan sí èkejì, ọdún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé níbẹ̀.

Ìràwọ̀ ní iná tirẹ̀, bíi ti oòrùn. Pílánẹ́ẹ̀tì kò ní. Ìràwọ̀ ló máa ń yí ká. Àgùàlà tí wọ́n ṣe bí ajá òṣùpá ni, pílánẹ́ẹ̀tì ni, bí ilé ayé wa yìí. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá yí ìràwọ̀ rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ọdún rẹ̀ pé. Júpítà, tó tóbi jù nínú àwọn tó ń yí oòrùn wa ká, jìnnà débi pé bí ọdún 12 tiwa ló fi ń pé ọdún kan: ọmọ tí wọ́n bí lónìí á ti máa múra sẹ́kọ́ńdírì.

Júpítà gbígbóná ni pílánẹ́ẹ̀tì ńlá, gáàsì bíi Júpítà, tó wá lẹ̀ mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ń yí 51 Pegasi ká, ìràwọ̀ kan tó jọ oòrùn wa gan-an. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wọ ojú wa lálẹ́ yìí ti gbéra láti bí ọdún 50 sẹ́yìn.

Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Wọn ò rí i. Ìràwọ̀ náà mọ́lẹ̀ jù, kò jẹ́ kí ojú rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá di ọmọdé lọ́wọ́ mú tó ń fi í pòòyì, ẹ wo àgbà náà dáadáa: òun náà ń mì. Mímì ìràwọ̀ ni Michel Mayor àti Didier Queloz, ará Switzerland, ń ṣọ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Haute-Provence ní ilẹ̀ Faransé.

Ẹ dúró lẹ́bàá títì Ìlọrin kí tírélà máa bọ̀ tòun ti fèrè. Ohùn fèrè náà á ga. Bó bá ti kọjá, ohùn á wálẹ̀, bí ìgbà tí onígángan bá dẹ ọwọ́ lára ọṣán. Fèrè kò yí padà, ìrìn tírélà ló yí i padà létí wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀ sápá búlúù. Bó bá ń lọ, á tẹ̀ sápá pupa. Ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ bí òṣùmàrè ló lè rí i. Wọ́n rí i pé 51 Pegasi ń bọ̀, ó ń padà, lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin àti wákàtí díẹ̀, láìyẹ̀. Eré rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Mo mọ dírẹ́bà tó fẹ́ẹ̀ sá jù bẹ́ẹ̀ lójú títì Ọ̀yọ́.

Ní oṣù kẹwàá 1995 ni wọ́n kéde rẹ̀, ẹnu sì ya gbogbo ayé, torí ohun tí wọ́n ti ń kọ́ni ni pé ọ̀nà jíjìn, níbi tí omi ti ń di yìnyín, ni irú pílánẹ́ẹ̀tì ńlá bẹ́ẹ̀ ti máa ń wáyé. Geoffrey Marcy àti Paul Butler ní Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, òótọ́ ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó padà sídìí àkọsílẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ti kó jọ, wọ́n sì bá pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn nínú rẹ̀! Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lára àwọn onímọ̀ gbà báyìí ni pé ọ̀nà jíjìn náà ni wọ́n ti bí pílánẹ́ẹ̀tì 51 Pegasi yìí, ó kàn ṣí wá sídìí iná ni.

Iná sì ni lóòótọ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 8 ló wà láàárín òun àti ìràwọ̀ rẹ̀. Tiwa sí oòrùn jẹ́ 150. Ooru ibẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìkòkò alumíníọ̀mù á yọ́ níbẹ̀ bí òrí. Ó kéré tán, ó wúwo tó bí ìdajì Júpítà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dimidium lọ́dún 2015, ìyẹn ìdajì lédè Látìn. Mayor àti Queloz gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019.

Bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ìràwọ̀ náà máa ń wà lókè orí wa gan-an ní bí aago mẹ́jọ alẹ́. Kò hàn nínú ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ tí iná bá wà. Ẹ lọ sóko.