Ìmàle: Ilẹ̀ Mali ni orúkọ yìí ti wá

Àwọn àgbà máa ń wí pé ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí ló rò pé orí ẹṣin ni àwọn Fúlàní gbé ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn ogun ẹ̀sìn tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a fi ń pe àwọn ẹlẹ́sìn náà gan-an ni kò jẹ́ kí n gbà.

Àwọn kan ní "ìmọ̀ líle" ló di Ìmàle, nítorí pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ le. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Fọ̀n ti Dàhómì. Malè ni àwọn náà ń pe Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí "ìmọ̀" tàbí "líle" nínú èdè wọn. Mali ni gbogbo wa ń dárúkọ, ilẹ̀ Mansa Musa, ọba tó gba Káírò lọ sí Mẹ́kà ní 1324, tó ná wúrà títí iye wúrà fi já wálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Wangara láti ilẹ̀ yẹn ló ń ru wúrà àti obì káàkiri, ibi tí ọjà wọn bá dé ni ìrun wọn ń dé.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ní 1591, ọmọ ogun Mòrókò ṣẹ́gun ìjọba Songhay tó ti gba ipò Mali, àwọn ìdílé ọba kan sì sá sísàlẹ̀ odò Ọya lọ sí Dendi. Láti Dendi, ẹ bọ́ sí Bọ̀rgú. Láti Bọ̀rgú, Ọ̀yọ́-Ilé kò jìnnà mọ́. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ti là kí ogun yẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá. Mo máa ń rò ó pé oníṣòwò kan sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn odi Ọ̀yọ́, ó tẹ́ awọ àgùntàn, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, àwọn ọmọdé sì pé lé e lórí tí wọ́n ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbè é lẹ́sẹ̀. Hausa ń pe onímọ̀ ẹ̀sìn ní malam, wọ́n ń pe oògùn tí a kọ sínú ìwé ní laya, pátákó ìkẹ́kọ̀ọ́ kéú sì ni allo. Àwa ń sọ pé àlùfáà, tírà àti wàláà. Alfa, tira àti walha ni wọ́n ń jẹ́ nínú èdè Songhay. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Hausa nìkan ni ẹ̀sìn yìí ti wọlé, láyà ni à bá máa so mọ́ ọrùn. Àlùfáà yìí tilẹ̀ mú gbòǹgbò tó bẹ́ẹ̀ tí Bíbélì Yorùbá fi yá a lò fún àwọn tó ń rúbọ nínú tẹ́ńpìlì.

Ní 1615, Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé Timbuktu, kọ orúkọ Yorùbá sínú ìwé tó kọ nípa òwò ẹrú. Lóòótọ́, ara àwọn tí kò tíì ṣe Ìsìláàmù ló kà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní etí aṣálẹ̀ ti mọ̀ wá lórúkọ, nígbà tó ṣì ku nǹkan bí igba ọdún kí Álímì, onímọ̀ ẹ̀sìn ọmọ Fúlàní, tó dé Ìlọrin. Nígbà tí Álímì sì dé, ó bá Sọlágberú àtàwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó ti tẹ̀dó sí Òkè-Sùnà ní Ìlọrin.

Ìyókù kò ṣòroó mọ̀: mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣí ní Èkó ní 1894, ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní 1923, ilé ìwé sì pọ̀ lẹ́yìn náà.

Orúkọ náà tilẹ̀ sọdá òkun. Ní oṣù kìíní 1835, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bùràsíìlì dìde láti gba ara wọn sílẹ̀. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, tírà tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ ni wọ́n so mọ́ ọrùn, àwọn kan lára ìwé náà sì wà nípamọ́ ní Salvador, olú ìlú Bahia, títí di òní.