Bí a ṣe ń wo ìkòkò Thancoupie

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń bi èmi amọ̀kòkò nípa iṣẹ́ Thancoupie, obìnrin amọ̀kòkò ọmọ Ọsirélíà, ni ìwúlò àwọn ìkòkò náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn rí róbótó, ẹnu wọn kéré, wọn kò sì ṣe é pọn omi tàbí se ọbẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ìtàn ilẹ̀ ni wọ́n gbé ró, ìyẹn ilẹ̀ àwọn baba ńlá obìnrin náà ní Weipa, ní ìwọ̀-oòrùn Cape York, ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà.

Ọmọ Thaynakwith ni, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Wọ́n bí i ní 1937, ó sì kú ní 2011. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ń mọ ìkòkò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohun ọ̀wọ̀ ni amọ̀, wọ́n fi ń kun ara níbi ètùtù, àwọn ọkùnrin ló sì ń tọ́jú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun kékeré pé obìnrin sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń ya àwòrán sára èèpo igi kí ó tó lọ sí Sydney ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970, níbi tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ amọ̀kòkò Peter Rushforth.

Ẹ fiyè sí iná tí ó lò. Ìkòkò tí a fi igi àti koríko sun ní gbangba kì í sábà gbóná kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ṣì máa ń fa omi. Irú tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní stoneware, máa ń gbóná ju 1,200 lọ nínú ìléru, títí amọ̀ yóò fi dì mọ́ra tí yóò sì le bí òkúta. Nígbà tí ara ìkòkò bá le díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ ni a máa ń fín in. Ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ń fín síbẹ̀, bíi ti Chivaree, ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹyẹ òkun, ọwọ́ ayàwòrán ni mo sì rí nínú ìdánilójú àwọn ilà náà. Nítorí pé ìkòkò róbótó kò ní iwájú, ẹ yí i ká. Ẹni tí ó bá dúró sójú kan kò rí ju apá kan ìtàn lọ.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní 1957, òfin kan ní Queensland gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn onílẹ̀ ní Weipa, ó sì gbé e fún ilé-iṣẹ́ tí yóò wa bauxite, ilẹ̀ pupa tí a ti ń rí alumíníọ̀mù. Thancoupie fúnra rẹ̀ wá fi alumíníọ̀mù ṣe àwọn ère ńlá ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, tòun ti àwọn ilà tí ó ti ń fín sára amọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2007, ìwé atúmọ̀ èdè Thaynakwith tí ó ṣe jáde, mo sì rọ ẹni tí ó bá fẹ́ lóye àwọn àwòrán náà dáadáa pé kí ó wá a kà.