Ọ̀nà Irin Èkó sí Ìbàdàn Nínú Kọ̀ǹpútà: Ọdún Wo Ni Ká Kọ́?

Ọ̀nà rélùwéè méjì ló so Èkó mọ́ Ìbàdàn. Ti àtijọ́, tí ìjọba amúnisìn ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901, gbéra ní Ìddó, ó gba Agége àti Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn ní Dùgbẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 193 kìlómítà. Ti tuntun, tí ilé iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, gbéra ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ó sì dúró sí Mọníyà. Òun jẹ́ 157 kìlómítà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, nínú símúlétọ̀ ọkọ̀ ojú irin, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun: ọdún wo? Ní 1905, tíráàmù elédùú ń ti Ìddó gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó. Láti 1933 ni tíráàmù yẹn ti kógbá wọlé. Ní 2005, ọjà ń ná lórí irin gan-an ní Oṣòdì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ kó ọjà náà kúrò. Ẹni tí kò bá mú ọdún kan dání á kọ́ Èkó tí kò sí rí.

Símúlétọ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kéèyàn wa ọkọ̀ ojú irin láti orí àga ilé rẹ̀. Trainz wà, Train Simulator Classic wà, Open Rails náà wà, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè tú inú rẹ̀ wò. Open Rails ni àlàyé yìí máa tẹ̀lé jù, torí pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn síta. Nínú gbogbo wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà jẹ́ àpapọ̀ ilẹ̀, irin, àwọn nǹkan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, àti òfin ìrìnnà. Àkókò tí wọ́n ń gbà kò dọ́gba rárá. Ilẹ̀ lè parí láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ilé àti igi sì gba ọdún.

Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ gbangba òfuurufú Endeavour ti NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, lo ọjọ́ mọ́kànlá lókè, ó ń fi rédà wọn bí ilẹ̀ ayé ṣe ga sí. Àkójọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní SRTM, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ní òǹkà gíga kan ní nǹkan bí ọgbọ̀n mítà síra wọn. Open Rails ní tirẹ̀ gé ilẹ̀ sí abala onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2,048 mítà, ó sì ń fẹ́ òǹkà gíga ní gbogbo mítà mẹ́jọ. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, ìṣirò ni wọ́n fi ń dí i.

Ibí ni wàhálà àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Rédà náà kò rí ilẹ̀pẹ̀ tó wà lábẹ́ igbó. Orí igi àti orí òrùlé ló rí. Tí wọ́n bá tẹ́ irin sórí òǹkà yẹn bó ṣe wà, ọkọ̀ á máa gun òkè, á máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà, kìkì nítorí pé igbó kan wà níbẹ̀ tí oko sì tẹ̀ lé e. Wàhálà kejì ni pé ọdún 2000 ni wọ́n wọn ilẹ̀ yẹn. Gbogbo òkè tí wọ́n gé àti ilẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ fún ọ̀nà tuntun lẹ́yìn 2017, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ti ọ̀nà àtijọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ tí orí rẹ̀ kò fẹ̀ ju mítà mélòó kan lọ máa ń pòórá láàárín òǹkà méjì tó fi ọgbọ̀n mítà jìnnà síra. Nítorí náà, irin ni ọ̀gá, ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣírò bí irin ṣe gòkè àti bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti téṣàn kan dé èkejì, wọ́n á wá fa ilẹ̀ wá bá a, òkè gígé níhìn-ín, ilẹ̀ kíkójọ lọ́hùn-ún.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń gé ilẹ̀ sí abala dípò kí wọ́n tẹ́ ẹ ní odidi. Irú nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán kò lè di òǹkà (0 sí 9) tó ju bíi méje mú lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i ni ìdá kékeré inú rẹ̀ ń sọnù. Tó bá jẹ́ láti Ìddó ni wọ́n ti ń wọn gbogbo nǹkan, nígbà tí ọkọ̀ bá fi rìn tó 100 kìlómítà, ìgbésẹ̀ tó kéré jù tí nọ́ńbà náà lè gbé á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí irin, gíláàsì iwájú awakọ̀ á máa gbọ̀n. Tí abala kọ̀ọ̀kan bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tirẹ̀, ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni irin, orí irin sì ni ọ̀nà méjèèjì ti pínyà jù lọ. Àlàfo tó wà láàárín irin méjì lórí ọ̀nà àtijọ́ jẹ́ 1,067 mìlímítà. Ti tuntun jẹ́ 1,435, tí í ṣe ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù láyé. Irin tó bá símúlétọ̀ wá sábà máa ń jẹ́ 1,435, nítorí náà ẹni tó ń kọ́ ọ̀nà 1901 gbọ́dọ̀ wá irin tóóró tàbí kó fọwọ́ ara rẹ̀ yà á: tààrà, kọ́nà, àti ní pàtàkì ibi tí irin ti ń pín sí méjì, èyí tó máa ń fojú èèyàn rí màbo. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé símúlétọ̀ kì í sábà bìkítà. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 1,435 á sáré lórí irin 1,067 láìsí pé nǹkan kan dá a dúró. Ojú ẹni tó ń wò nìkan ló máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń fò lẹ́bàá irin.

Ọ̀nà méjèèjì kì í sì í ṣe ibì kan náà ni wọ́n ń gbà. Ní Èkó wọ́n jọ ń rìn pọ̀, àmọ́ ní Abẹ́òkúta, téṣàn àtijọ́ wà ní Làfẹ́nwá lẹ́bàá odò Ògùn, téṣàn tuntun tó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká sì wà níbòmíràn pátápátá. Kọ́nà àtijọ́ pọ̀, wọ́n sì há, torí ẹni tó bá ń fi ọwọ́ èèyàn gbẹ́ ilẹ̀ á yí òkè po dípò kó là á. Ọ̀nà tuntun, tí wọ́n ṣe fún ìsáré 150 kìlómítà láàárín wákàtí kan, kò lè gba irú kọ́nà bẹ́ẹ̀.

Fún ọ̀nà òde òní, àwòrán sátẹ́láìtì àti OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti tó láti mọ ibi tí irin gbà. Fún 1901 tàbí 1950, ìwé àti fọ́tò ni. Ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Yunifásítì Ìbàdàn ní fáìlì ìjọba amúnisìn, ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, náà ní tirẹ̀. Nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Jaekel House, ilé òyìnbó tí wọ́n kọ́ ní 1898, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tí fọ́tò rélùwéè pọ̀ nínú rẹ̀. Fọ́tò sì wúlò ju kéèyàn kàn wò ó lọ. Níbikíbi tí irin bá ti hàn nínú rẹ̀, ìdíwọ̀n ti wà níbẹ̀, torí a mọ̀ pé àárín irin méjèèjì jẹ́ 1,067 mìlímítà. Bí òpó kan bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gan-an, èèyàn lè fi irin yẹn wọn gíga òpó náà, kó fi òpó wọn òrùlé téṣàn. Ohun tó bá jìnnà sẹ́yìn irin kò ṣeé wọn bẹ́ẹ̀, torí ọ̀nà jíjìn máa ń sọ ńlá di kékeré. Téṣàn inú símúlétọ̀ lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ bí ẹni tó yà á bá gbàgbé èyí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé àti igi. Igi tó bá símúlétọ̀ wá, igi òyìnbó ni. Tí wọ́n bá fi gbin ẹ̀bá irin láti Agbádó dé Abẹ́òkúta, ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ ń lọ sí Mánchésítà. Ọ̀pẹ, àràbà, ìrókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ọ̀nà ló máa yà wọ́n. Páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà gba ọ̀pọ̀ àwọ̀ pupa rúsúrúsú, nítorí pé bí àwọ̀ kan ṣoṣo bá bo gbogbo òrùlé, ojú á mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe fún ilé kọ̀ọ̀kan: èyí tó kún rẹ́rẹ́ fún ìtòsí, èyí tó dín kù fún ọ̀nà jíjìn, kí kọ̀ǹpútà má bàa máa ya fèrèsé tí ẹnikẹ́ni ò lè rí.

Ẹ́ńjìnnì ní ìṣirò tirẹ̀. Kíláàsì River, irú ẹ́ńjìnnì èédú kan ti rélùwéè Nàìjíríà, tí wọ́n fi orúkọ odò sọ, tí Vulcan Foundry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1948, ní ẹsẹ̀ kéékèèké méjì níwájú, ńláńlá mẹ́jọ tó ń fà, àti méjì lẹ́yìn. Símúlétọ̀ kàn ń béèrè ìwúwo rẹ̀, agbára rẹ̀, iye tó jókòó lórí ẹsẹ̀ tó ń fà, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́: afẹ́fẹ́, kọ́nà, òkè. Òkè ló ṣe kókó jù. Bí ilẹ̀ bá ga ní mítà kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 500 á nílò agbára tó lè gbé tọ́ọ̀nù márùn-ún sókè tààrà, kìkì kó má bàa yí padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àṣìṣe kékeré nínú ilẹ̀ SRTM fi lè dá ọkọ̀ èédú dúró pátápátá níbi tí kò ti sí òkè láyé.

Bíréèkì ti àtijọ́ àti ti òde òní yàtọ̀ pẹ̀lú. Ti àtijọ́, tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù, kò lè ní agbára ju ìwúwo afẹ́fẹ́ ayé lọ, nítorí náà ó lọ́ra. Ti òde òní, tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, lè ní agbára ìlọ́po márùn-ún, ó sì ń yára dáhùn. Ẹni tó ti mọ ọkọ̀ tuntun wà á fò kọjá téṣàn nígbà àkọ́kọ́ tó bá wa ti àtijọ́.

Ní ti ohùn, fàkàfíkì tí àwọn ọmọdé fi ń sín ọkọ̀ ojú irin jẹ ní orísun méjì. Ọ̀kan ni ìhó ooru tó ń jáde, ìgbà mẹ́rin fún yíyí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjì, nítorí náà símúlétọ̀ so ohùn náà mọ́ yíyí ẹsẹ̀, kì í ṣe mọ́ aago. Èkejì ni oríkèé irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gún. Irin tí wọ́n bá jó pọ̀ kò ní oríkèé, kò sì yẹ kó dún bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀nà òde òní inú símúlétọ̀ sì ń dún bẹ́ẹ̀ síbẹ̀.

Òfin ìrìnnà ló kù. Gẹ́gẹ́ bí àṣà rélùwéè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí irin kan ṣoṣo bá wà, awakọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìní tókìn ọ̀nà náà lọ́wọ́, ìyẹn àmì àṣẹ tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè mú dání lẹ́ẹ̀kan. Nínú símúlétọ̀, kò sí ẹni tó máa na tókìn sí i, nítorí náà wọ́n ń fi sígínà tí ojú kò rí ṣe é. Sígínà náà máa ń di ọ̀nà mú títí ọkọ̀ tó ń bọ̀ á fi wọlé sí ibi ìpàdé. Lórí irin méjì ti ọ̀nà tuntun, ìyọnu yìí kò sí.

Àmọ́ ọ̀nà tuntun ní tirẹ̀. Ẹni tó bá mú 2021 gbọ́dọ̀ fi ibi tí títì àti irin ti pàdé sí Ìkẹjà, Muṣin, Yábà àti Òyìngbò, pẹ̀lú dánfó tó ń dúró. Ẹni tó bá mú 2024 á fi afárá rọ́pò wọn, torí wọ́n kọ́ ọ fún Red Line, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń lo irin ọ̀nà tuntun láti Agbádó dé Òyìngbò. Ọkọ̀ Talgo tó ń sá níbẹ̀, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún, kò sì ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó lè wá sí Èkó nítorí pé irin tó ń rìn lé jẹ́ 1,435.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, ìwé àkókò ọkọ̀ ti ọdún tí wọ́n mú ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí ọkọ̀ bá dé Abẹ́òkúta níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú àkókò láìjẹ́ pé awakọ̀ sáré, òkè kan ti sọnù nínú ilẹ̀, tàbí kọ́nà kan fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí ẹ́ńjìnnì náà lágbára ju ti ọdún yẹn. Wọ́n á padà lọ wá a, láti téṣàn sí téṣàn.