Bí wọ́n ṣe ń ka ọdún tí Phil Connors lò nínú ọjọ́ kan ṣoṣo

Ẹni tí kò bá tíì wo Groundhog Day, fíìmù Amẹ́ríkà tó jáde ní 1993, kó kọ́kọ́ lọ wò ó o, torí a ò ní to ìtàn ẹ̀ látòkè délẹ̀ níbí. Èyí tó kàn wá nínú ẹ̀ ò pọ̀: Phil Connors tó máa ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ ṣiṣẹ́ nílùú kékeré kan ní Pennsylvania tí wọ́n ń pè ní Punxsutawney, ó jí láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì oṣù kejì, ó ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó sùn, ó tún jí, ọjọ́ kejì oṣù kejì náà ló tún bá. Orin kan náà lórí rédíò, àwọn èèyàn kan náà lójú títì, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu wọn, òun nìkan ló sì rántí pé àná ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ló jí bẹ́ẹ̀? Fíìmù yẹn ò sọ. Ohun tí àwọn fáànù ti ń jiyàn lé lórí látọjọ́ yìí nìyẹn, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá ìdáhùn sì dùn ju ìdáhùn fúnra ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá kàn jókòó tẹ́ ẹ ń ka ọjọ́ tí kámẹ́rà fi hàn wá, ẹ máa rí bíi 38. Àwọn kan ń dúró síbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní ó parí. Kò lè parí síbẹ̀, ẹnu Phil fúnra ẹ̀ la ti gbọ́. Ibì kan wà tó jókòó tó ń ju káàdì sínú fìlà, gbogbo ẹ̀ ń wọlé, Rita, olóòtú ètò tí wọ́n jọ wá ṣiṣẹ́, ń wò ó, ló bá sọ fún un pé oṣù mẹ́fà ni, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́, èèyàn á ti di ọ̀gá nídìí ẹ̀. Oṣù mẹ́fà lórí káàdì nìkan! Kámẹ́rà ò fi ọjọ́ kan hàn wá níbẹ̀. Nínú ilé oúnjẹ tún ńkọ́, nígbà tó ń ṣàlàyé ara ẹ̀ fún Rita, ó ní wọ́n ti gún òun lọ́bẹ, wọ́n ti yìnbọn lu òun, òun ti jẹ májèlé, òtútù ti pa òun, òun ti kú sójú okùn, iná mànàmáná ti gbé òun, iná ti jó òun. A rí ti iná mànàmáná, a rí ti iná tó jó mọ́tò, a tiẹ̀ rí ibi tó ti bẹ́ látorí ilé gogoro. Ọ̀bẹ, ìbọn, májèlé, òtútù, okùn, a ò rí ọ̀kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún ti wọlé tí a ò mọ̀.

Bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ nìyẹn: wọ́n ń wá ohun tí Phil mọ̀ tàbí tó lè ṣe, wọ́n á wá bi ara wọn pé ọjọ́ mélòó ló máa gba ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àwọn kan rọrùn. Gbogbo ìgbà tó ń dẹnu kọ Rita tí Rita fọ́ ọ létí, ọjọ́ kan odindi ni ìfọ́tí kọ̀ọ̀kan, torí tó bá ti fọ́ ọ tán, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́, àfi kó sùn kó jí kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọtí tí obìnrin yẹn fẹ́ràn. Àwọn míì sì le, èyí tó sì dáa jù nínú wọn ni ti ọkọ̀ tó ń gbé owó báǹkì. Phil jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀: atẹ́gùn fẹ́, ajá gbó, ọkọ̀ dé, Herman tó ń ṣọ́ owó báyìí, Felix ẹnìkejì ẹ̀ báyìí, ó bá dìde láìsáré, ó gbé àpò owó kan, ó ń bá tiẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Kò lè ya fídíò, kò lè kọ ọ́ sínú ìwé, torí gbogbo ohun tó bá kọ, tó bá fi máa di aago mẹ́fà, ó ti pòórá. Kó tó mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá báyìí làwọn méjèèjì máa kọ̀yìn sí ọkọ̀, ó ti ní láti lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń wo ajá, lọ́jọ́ míì kó wo Herman, lọ́jọ́ míì kó wo Felix, kó wá fi gbogbo ẹ̀ há orí. Èyí tí a rí lójú fíìmù ò tó ìṣẹ́jú méjì, iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ká sòótọ́, ó jọ kéèyàn máa wo agbádá tí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ rán, kó wá fi mọ ọdún tó ti lò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọrùn ẹ̀ jókòó dáadáa, kò fà, kò sún kì, ẹ̀yin náà á ní ó kéré tán ọmọ yìí ti lo ọdún mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọdún tó fi ń gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá pọ̀n, tó ń lọ ra ìrẹsì, tó ń tú aṣọ tí ẹlòmíì rán bàjẹ́, tó tiẹ̀ sá nílé fún oṣù mẹ́ta kí ìyá ẹ̀ tó tún fà á padà wá, ta ló rí ìyẹn lára agbádá? Kò sí lára ẹ̀, ó sì wà lára ọdún. Ohun tó ń mú kí gbogbo ìṣirò kéré nìyẹn. Phil fi ọjọ́ tí ẹnì kankan ò kà jókòó nínú ilé tó wọ̀ sí, ó ń wo ìdíje ìbéèrè kan náà lórí tẹlifíṣọ̀n títí gbogbo ìdáhùn fi há a lórí. Harold Ramis tó darí fíìmù yẹn kọ́kọ́ sọ pé bí ọdún mẹ́wàá ni. Ẹnì kan wá jókòó ṣírò tiẹ̀, ó ní ọdún 8 àti oṣù 8 àti ọjọ́ 16. Ramis gbọ́, ó ní ọdún mẹ́wàá gan-an ti kéré jù, pé èèyàn ò lè mọ nǹkan dunjú kó má tó ọdún mẹ́wàá, tá a bá wá fi àkókò tó fi ṣe ráńdanràndan kún un, á tó 30 sí 40 ọdún. Àwọn míì tún kà á lọ́tọ̀, wọ́n rí ọjọ́ 12,395, ìyẹn ò sì tó ọdún 34 tán. Lójú tèmi Ramis ló sún mọ́ ọn jù, torí ó rántí ka ọdún tó ṣòfò.

Danny Rubin tó kọ ìtàn náà tiẹ̀ fẹ́ kó pọ̀ jùyẹn lọ, ó ní kó tó bíi ọgọ́rùn-ún ọdún, odindi ayé èèyàn kan. Tẹ́ ẹ bá bi ilé iṣẹ́ fíìmù, wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tiẹ̀ tó káàdì. Nínú ìwé tí Rubin kọ́kọ́ kọ, Phil máa ń ka ojú ewé kan lójúmọ́ nínú àwọn ìwé tó wà nílé tó wọ̀ sí, ibi tó bá kà dé ló fi ń mọ iye ọjọ́ tó ti lọ. Ọgbọ́n gidi ni, torí orí ẹ̀ nìkan ni ohun tí kì í padà sẹ́yìn.

Ibi tí wọ́n wá ti ń ba ìṣirò yìí jẹ́, tó sì ń bí èèyàn nínú, ni ti wákàtí 10,000, ìyẹn èrò pé iye wákàtí tó yẹ kéèyàn fi kọ́ nǹkan kó tó di ọ̀gá nídìí ẹ̀ nìyẹn. Látìgbà tí ìwé Malcolm Gladwell ti sọ nọ́ńbà yẹn di gbajúmọ̀ ní 2008, gbogbo ẹni tó fẹ́ ka ọjọ́ Phil ló ń nawọ́ sí i, wọ́n á to ohun tó kọ́ nínú fíìmù: píánò 10,000, fífi yìnyín gbẹ́ ère 10,000, èdè Faransé 10,000, kó wọn jọ. Wákàtí kan lójúmọ́ ní kíláàsì píánò, ó ti lé lọ́dún 27 kó tó di pé a dé orí yìnyín! Ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá ni ìwádìí tí Anders Ericsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe lórí àwọn tó ń ta fáyólìn ní Berlin, ọdún 1993 náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ọdún kan náà pẹ̀lú fíìmù. Ìpíndọ́gba ni, iye tí àwọn tó dáa jù ti fi kọ́ ọ nígbà tí wọ́n fi máa pé ọmọ ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dáa jù yẹn gan-an ò tíì dé 10,000. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà téèyàn máa kọjá tó bá fi di ọ̀gá, Ericsson fúnra ẹ̀ ti pariwo ẹ̀ títí. Àti pé àwọn wọ̀nyẹn ń múra àtidé orí ìtàgé ayé, Phil sì ń ta píánò fáwọn èèyàn tó ń jó lóde àríyá ìlú kékeré. Wọ́n tún wá ń to iṣẹ́ yẹn léra bíi ẹni pé Phil ò lè kọ́ píánò láàárọ̀ kó gbẹ́ yìnyín lọ́sàn-án kó ka ewì Faransé lálẹ́. Kò sí ọ̀gá tó máa lé e níṣẹ́, kò sí rẹ́ǹtì, kí ló fẹ́ fi ọjọ́ náà ṣe?

Píánò yìí náà ló mú wa dé ibi tó jinlẹ̀ jù. Tó bá di aago mẹ́fà, gbogbo nǹkan á padà bó ṣe wà: rédíò tó fọ́ mọ́lẹ̀ á pé pérépéré, òkú á dìde. Ara Phil náà ń padà. Ìyẹn ni pé ọwọ́ tó fi ń gbẹ́ yìnyín ò lè yi láéláé, iṣan ọwọ́ ẹ̀ ò lè le ju ti àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, kò sì lè dàgbà. Kí ló wá ń ta píánò? Wọ́n á ní ọpọlọ ni. Ọpọlọ ńkọ́, ṣé kì í ṣe ara ni? Tí ara bá padà tí ọpọlọ ò bá padà, a jẹ́ pé ara Phil nìkan ló ń padà lábọ̀. Àwọn kan wá ní ẹ̀mí ẹ̀ ló ń sọdá, ara tuntun ló ń wọ̀ láràárọ̀. Àwọn míì ní kò sóhun tó ń padà rárá, ayé tuntun ló ń bọ́ sí, ó sì ń fi ti àná sílẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀rí tí àwọn elérò ayé púpọ̀ yìí máa ń mú wá ni ti ilé ìgbókùúsí, níbi tí Rita àti Larry tó ń gbé kámẹ́rà fún wọn ti lọ wo òkú Phil. Wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, Phil ti kú, ayé ò dúró. Òótọ́ ni pé kò dúró, àmọ́ wọ́n ti kánjú jù. Aago mẹ́fà ò tíì lù. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣì wà, ìyẹn kàn fi hàn wá pé ikú kọ́ ló ń tẹ bọ́tìnnì, aago ni. Kó tó lè di ẹ̀rí pé ayé yẹn ń bá tiẹ̀ lọ, ó yẹ ká rí Rita ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì tó ń sunkún Phil, kò sì síbi kankan nínú fíìmù tí a ti rí ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ tíọ́rì yìí dì sí nìyẹn, mi ò sì rò pé ó lè tú.

Ilé iṣẹ́ fíìmù bẹ Rubin àti Ramis láti sọ ohun tó fà á tí ọjọ́ kan náà fi ń padà o. Rubin tiẹ̀ kọ ọ́, pé obìnrin kan tí Phil ti já sílẹ̀ ló ṣépè fún un, wọn ò wá lò ó, wọ́n sì ṣe dáadáa. Tó bá jẹ́ èpè, ojú gbogbo wa ì bá wà lára bí wọ́n ṣe ń tú èpè, ta ló máa ráyè wo ìka ọwọ́ ẹni tó ń ta píánò?

Ẹni tó bá fẹ́ ka tiẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ tíṣà tó ń kọ́ Phil ní píánò. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, níbi àríyá, ó ń yangàn fáwọn èèyàn pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ni Phil. Lójú tiẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni. Ó túmọ̀ sí pé Phil ṣì lọ kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti mọ̀, kò tíì jáwọ́. Nítorí náà, ẹ má ka píánò bí ohun tó parí kí nǹkan míì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sábẹ́ gbogbo ẹ̀, wákàtí kan lójúmọ́, kẹ́ ẹ tó fi yìnyín àti Faransé lé e lórí.